Orí Keje: Server Inú Ráàkì, Bí A Ṣe Ń Gbé E Kalẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹni tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sára ẹ̀rọ ATM, tí owó sì jáde sí i lọ́wọ́, kò rí kọ̀ǹpútà tó dá a lóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo èsì ìdánwò rẹ̀ lórí fóònù náà kò rí i. Inú yàrá kan tí wọ́n máa ń tì pa ni kọ̀ǹpútà yẹn wà, níbi tí òtútù ti ń mú, tí ariwo fáànù kì í jẹ́ kí ẹni méjì gbọ́ ara wọn láìgbé ohùn sókè. Server là ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn tọ̀sán-tòru.

Nínú orí tó ṣáájú èyí, a tú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, a sì tún un tò. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ kọ́ níbẹ̀ ṣì wúlò níbí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá kú, ẹnì kan ló jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Bí server bá kú, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló jókòó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Nínú àwọn server tí wọ́n ti pè mí láti wá wò, iná, ooru, eruku àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ló ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́. Nítorí náà, ó máa pẹ́ díẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan server nínú orí yìí.

Àpẹẹrẹ tí a máa lò ni Dell PowerEdge R740, tó jáde ní 2017. Mo yàn án nítorí pé ilé-ìwé àti ilé-iṣẹ́ kéékèèké lè rí tòkunbọ̀ rẹ̀ rà ní Computer Village n'Ìkẹjà. Ó gba prósẹ́sọ̀ 2, ó ní ojú RAM 24, fáànù 6 àti power supply 2. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa kò ní ṣìnà bó bá pàdé HPE tàbí Lenovo. Orúkọ àwọn nǹkan lè yàtọ̀, iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀.

Ráàkì

Ráàkì ni férémù irin tó dúró ṣánṣán, tí òpó mẹ́rin gbé ró, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ojú ohun tí a ń dè mọ́ ọn fẹ̀ tó ínṣì 19, ìyẹn mìlímítà 482.6. Ìwọ̀n yìí ti pẹ́. Ilé-iṣẹ́ AT&T ní Amẹ́ríkà ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1922, fún ẹ̀rọ tẹlifóònù, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí kọ̀ǹpútà irú ti òde òní. Ìlànà tí à ń pè ní EIA-310 ló ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ lónìí, ìdí sì nìyẹn tí server tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà fi ń wọ ráàkì tí wọ́n ṣe ní Jámánì.

U là ń fi wọn gíga. 1U jẹ́ ínṣì 1.75, ìyẹn mìlímítà 44.45. Ráàkì tó wọ́pọ̀ jù ní 42U. R740 jẹ́ 2U, nítorí náà ààyè ínṣì 3.5 ló ń gbà.

Ẹ wo òpó ráàkì dáadáa kí ẹ tó fi ohunkóhun kọ́ ọ. Ihò mẹ́ta-mẹ́ta ló wà nínú U kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àlàfo àárín wọn kò dọ́gba. Láti ihò kìíní sí ìkejì jẹ́ ínṣì 5/8, láti ìkejì sí ìkẹta jẹ́ 5/8. Láti ìkẹta bọ́ sí ihò àkọ́kọ́ ti U tó kàn, ínṣì 1/2 péré ni. Ibi tí ihò méjì ti sún mọ́ra jù ni ààlà U méjì wà. Bí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ kò ní máa ka ihò láti ilẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló máa ń fi réèlì (irin tí server máa jókòó lé) ọ̀tún ga ju ti òsì lọ ní ihò kan, tí yóò wá máa fipá ti server tó ti dábùú.

Ihò onígun mẹ́rin kò lè di síkúrù mú fúnra rẹ̀. Cage nut là ń kọ́kọ́ fi sí i: nọ́ọ̀tì kékeré tó jókòó sínú páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní etí méjì. Láti inú ráàkì la ti ń fi í. Ẹ ti etí kan bọ ẹ̀gbẹ́ ihò, kí ẹ fi irin ìwọ̀ tó bá a wá fa etí kejì wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ tó ró "tá". Etí náà gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún àti òsì, kì í ṣe òkè àti ìsàlẹ̀, kí ó má baà yọ nígbà tí ẹrù bá dé e lórí. Ẹ má fi ìka lásán ṣe é, nítorí páànù yẹn mú bí abẹ. Réèlì R740 kò nílò cage nut, òun fúnra rẹ̀ ló ń há mọ́ ihò. Switch, ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ sórí nẹ́tíwọọ̀kì, àti pẹpẹ ni wọ́n nílò rẹ̀.

Jíjìn náà ṣe pàtàkì. R740 jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 70. Kábíńẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri fún switch kì í sábà ju 45 tàbí 60 lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ayùn gé ẹ̀yìn kábíńẹ́ẹ̀tì kí ìdí server lè yọ síta. Irin tí wọ́n gé yẹn ló ń gbé ẹrù dúró. Ẹ wọn ráàkì kí ẹ tó náwó.

Ohun tó wúwo jù ni kó wà nísàlẹ̀: UPS (ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé server dúró nígbà tí iná bá lọ) àti bátìrì rẹ̀ ní ìpìlẹ̀, server lórí rẹ̀, switch lókè. Ẹ má fa server méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà lórí réèlì, torí ráàkì lè dojú bolẹ̀ mọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bí ráàkì yín bá ní ẹsẹ̀ ìdúró tí wọ́n ń fà jáde níwájú, ẹ fà á jáde kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Iná àti ooru

Àwọn tó ṣe R740 mọ̀ọ́mọ̀ fi power supply méjì sí i kí ọ̀kan lè dá gbé gbogbo iṣẹ́ bí èkejì bá kú. Síbẹ̀, ó ń yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń rí i tó pé pulọ́ọ̀gì méjèèjì wà nínú extension kan ṣoṣo. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá kọ extension yẹn, méjèèjì kú pọ̀, owó èkejì sì ti ṣòfò. Ọ̀nà méjì ni iná gbọ́dọ̀ gbà wọlé: pulọ́ọ̀gì kan sí UPS kìíní, ìkejì sí UPS kejì. Bí UPS bá jẹ́ ẹyọ kan, kí ìkejì lọ sí ojú iná mìíràn tó ní AVR, ẹ̀rọ tó ń mú fólítì dúró déédéé.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìdẹkùn kan níbí. Nígbà tí méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, server sábà ń pín ẹrù láàárín wọn. Ká ní UPS kọ̀ọ̀kan ń gbé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, 120 ló já lé èkejì lórí, òun náà yóò kú. UPS méjì tí a fi ṣe ààbò fún ara wọn kò gbọ́dọ̀ gbé tó ìdajì agbára wọn ní ọjọ́ lásán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní R740 kan ń jẹ wáàtì 350 lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ pín 350 sí 230, tí í ṣe fólítì iná ilẹ̀ wa, ó jẹ́ áńpíà 1.5 àti díẹ̀. Ká wá sọ pé gbogbo ohun tó wà nínú ráàkì ń jẹ wáàtì 1,000. UPS tó ní bátìrì mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólítì 12 àti 9Ah, ní 12 × 9 × 6, ìyẹn wáàtì-wákàtí 648. Lórí ìwé, ìyẹn tó ìṣẹ́jú 38. Ní ti òótọ́, kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí bátìrì tí a ń fà kíákíá kì í fúnni ní gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀, UPS náà sì ń jẹ tirẹ̀. Ẹ fọkàn sí ìdajì rẹ̀. UPS wà láti bo àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí iná ìjọba lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ gbà á, tàbí láti fún server láyè kó kú ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó ra UPS láti fi ṣiṣẹ́ di àárọ̀ ti ra ohun tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Inverter ló yẹ kó rà.

Gbogbo wáàtì tó wọ inú server ló ń jáde ní ooru. Wáàtì 1 jẹ́ BTU 3.412 ní wákàtí kan, nítorí náà ráàkì wáàtì 1,000 ń tú BTU 3,412 sínú yàrá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. AC oníhọ́ọ̀sì kan ń kó nǹkan bíi 9,000 jáde. Lójú ìṣirò, ó tó, ó tún ṣẹ́kù, àní bí oòrùn bá ń ta sí ògiri. Ṣùgbọ́n AC ilé kò wà fún iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. AC méjì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn dára ju ọ̀kan ńlá lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Nígbà tí iná bá lọ, UPS ń gbé server, ṣùgbọ́n kì í gbé AC. Yàrá tí a tì pa, tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí, tí server ṣì ń tú ooru sí, lè gbóná ju ààrò lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bí bátìrì ṣe pọ̀ tó ni ooru ṣe máa pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń ka ooru yàrá kí wọ́n tó ra bátìrì kún bátìrì. Ẹgbẹ́ ASHRAE ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ iwájú server wà láàárín 18 sí 27 lórí ìwọ̀n Celsius. Iwájú server ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹnu AC.

Iwájú ni server ti ń mí sínú, ẹ̀yìn ló ń mí jáde sí. U tó ṣófo láàárín server méjì jẹ́ ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ẹ̀yìn máa gbà padà síwájú. Ẹ fi páànù ìdíhò dí i. Ẹ má sì gbé AC kọ́ sórí ráàkì gan-an. Ọjọ́ tí páìpù rẹ̀ bá dí, orí server ni omi máa kán sí.

Gbígbé e kalẹ̀

Ẹ má dá gbé R740. Bí dísíìkì bá kún inú rẹ̀, ó sún mọ́ ọgbọ̀n kílò. Kí ẹ tó gbé e, ẹ kọ Service Tag rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà méje tó dá ẹ̀rọ náà yàtọ̀ sí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wà lára páálí kékeré kan tó ń yọ jáde níwájú.

Ẹ há réèlì mọ́ òpó ní U tí ẹ yàn, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ọwọ́ mì í wò bóyá ó dúró. Ẹ fa réèlì inú jáde títí yóò fi há. Ẹni méjì á gbé server, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Lára server, orí irin kéékèèké yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn tó wà lẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀ sínú ihò tó tẹ̀ bí ìwọ̀ tó wà lórí réèlì, kí ẹ wá rọra sọ ti iwájú kalẹ̀ títí gbogbo wọn á fi wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ tì í wọlé, yóò há lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fa ohun ìdádúró aláwọ̀ búlúù ẹ̀gbẹ́ réèlì, kí ẹ sì tì í dé ìdí. Kò yẹ kó nílò agbára. Bó bá ní agbára nínú, nǹkan kan wọ́, ẹ fà á jáde kí ẹ tún un wò.

Ẹ jẹ́ kí wáyà iná gba ẹ̀gbẹ́ kan, kí wáyà nẹ́tíwọọ̀kì gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ lẹ orúkọ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan ní ìdí àti lórí. Ẹ fi gígùn díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn kí server lè jáde lórí réèlì láìyọ wáyà.

Ìdánwò iná ni kò yẹ kí ẹ fò. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo server náà, ẹ tan án, kí ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kìíní. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ dá a padà, ẹ dúró kí iná ara power supply yẹn padà di àwọ̀ ewé, kí ẹ wá yọ ìkejì. Ó sàn kó kú lójú yín lónìí ju kó kú lọ́jọ́ tí wọ́n ń san owó-oṣù.

Bí ẹ bá fẹ́ fi RAM kún un, ẹ yọ wáyà iná méjèèjì, kí ẹ wọ okùn ọwọ́ tó ń kó iná ara lọ sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí ara gbogbo wa gbẹ, iná tí aṣọ ń ta lára yín tó láti ba RAM jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára. Prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà RAM 6, ojú méjì lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ojú tí àhámọ́ wọn funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ kún. RAM mẹ́fà tí ẹ pín sí ọ̀nà mẹ́fà ń yára ju mẹ́fà tí ẹ kó sí ọ̀nà mẹ́ta lọ, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ iye kan náà.

Títò ó

Lẹ́yìn R740, ojú wáyà kan wà tó dá dúró. Ti iDRAC ni, kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń gbé inú server, tó ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí pulọ́ọ̀gì bá ti wà nínú iná, kódà bí a bá ti pa server fúnra rẹ̀. HPE ń pe tirẹ̀ ní iLO. Nípasẹ̀ rẹ̀, ẹni tó wà l'Ékòó lè tan server tó wà l'Abẹ́òkúta, kó rí ojú rẹ̀, kó sì fi sọ́fíwià tuntun sí i láìwọ ọkọ̀.

Ẹni tó bá gba iDRAC ti gba gbogbo server. Lára àwọn ti àtijọ́, root ni orúkọ, calvin ni ọ̀rọ̀ aṣínà, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Tuntun lè wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ lára páálí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ rà, ẹ nu gbogbo ètò tó wà nínú iDRAC rẹ̀ dànù kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, torí ẹ kò mọ ẹni tó ṣì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹ má gbé iDRAC sójú íntánẹ́ẹ̀tì láéláé. Kó wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì tirẹ̀, lọ́tọ̀.

Bí server bá ń dìde, F2 ń ṣí ètò inú rẹ̀, F10 ń ṣí Lifecycle Controller, F11 ń jẹ́ kí ẹ yan ibi tó máa ti dìde. Láti F10 ni kí ẹ ti kọ́kọ́ sọ firmware, ìyẹn sọ́fíwià tó ń gbé inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, di tuntun. Ẹ má ṣe é nígbà tí UPS kò sí, torí iná tó lọ láàárín iṣẹ́ yìí lè sọ server di òkúta. Nínú F2, ẹ wá ètò tó ń sọ ohun tí server máa ṣe bí iná bá dé padà. Ní ìlú tí iná ti ń dé ní agogo méjì òru pẹ̀lú fólítì tí kò tíì balẹ̀, mo máa ń ní kí ó dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó tó dìde.

Àdírẹ́sì server kò gbọ́dọ̀ máa yí padà. Wọ́n ti ya àwọn àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún inú ilé: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, àti 172.16 títí dé 172.31. Ẹ yan nínú ìwọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti sọ́fíwià ìpìlẹ̀, Ubuntu Server 24.04 LTS ni mo fi ń kọ́ni nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, àtúnṣe ààbò rẹ̀ sì ń bọ̀ títí di 2029. Ẹ ṣètò aago rẹ̀ sí Africa/Lagos, kí ó sì máa bá NTP, ètò tó ń tún aago kọ̀ǹpútà ṣe lórí nẹ́tíwọọ̀kì, dọ́gba. Bí aago server méjì bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yàtọ̀, ẹ kò ní lè mọ èyí tó kọ́kọ́ ṣubú. Bí ẹ bá ń wọ inú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ lo kọ́kọ́rọ́ SSH dípò ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ sì ti gbogbo ojú nẹ́tíwọọ̀kì (port) tí ẹ kò lò pa. Ní ìparí, ẹ fi NUT sí i, sọ́fíwià tó ń gbọ́rọ̀ láti ẹnu UPS, tí yóò pa server fúnra rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá fẹ́ tán.

RAID

Ní 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, tí wọ́n wà ní Yunifásítì California ní Berkeley, kọ̀wé pé dísíìkì olówó pọ́ọ́kú púpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lè ṣe ju dísíìkì ńlá kan lọ. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà RAID ti wá.

Oríṣiríṣi ni RAID, nọ́ńbà la sì fi ń dá wọn mọ̀. Ọgbọ́n RAID 5 kò le. Ká sọ pé dísíìkì kìíní ní 4, ìkejì ní 7. Sórí ìkẹta, a kọ àròpọ̀ wọn, 11. Bí dísíìkì kejì bá kú, a mú 4 kúrò nínú 11, 7 sì padà wá. Kì í ṣe àròpọ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ń ṣe, ìṣirò tí wọ́n ń pè ní XOR ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Bí méjì bá kú, ó parí, torí 11 nìkan kò lè sọ fún yín pé 4 àti 7 ló bí i. RAID 6 ń fara da ikú dísíìkì méjì. Bí ẹ bá ní dísíìkì márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2TB, RAID 5 á fún yín ní 8TB, RAID 6 á fún yín ní 6TB. RAID 0 á fún yín ní gbogbo 10TB, ṣùgbọ́n dísíìkì kan tó bá kú ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Fún dátà àwọn ènìyàn, RAID 6 ni èmi máa ń yàn bí dísíìkì bá tóbi, torí àtúnkọ́ dísíìkì ńlá lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn tó kù sì ń ṣiṣẹ́ àṣekára ní gbogbo àsìkò náà. Wọ́n sábà jẹ́ ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú èyí tó kú.

Ní ilé-iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, dísíìkì kan kú nínú RAID 5 onídísíìkì mẹ́rin. Ojú kọ̀ǹpútà sọ pé dísíìkì 2 ni. Mo dé iwájú ráàkì, mo kà á: ọ̀kan, méjì. Mo fa èkejì yọ. Láti 0 ni server yẹn ti ń ka dísíìkì rẹ̀. Èyí tí mo fà yọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, òkú ṣì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kíá ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́. A dá dísíìkì náà padà, controller, ẹ̀rọ tó ń darí RAID, sì gbà á wọlé, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń kọ̀wé lọ́wọ́ ti bàjẹ́, àkójọ dátà wọn kò sì ṣí mọ́. Ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn akọ̀wé wọn fi tún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fa dísíìkì kankan yọ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ pàṣẹ láti iDRAC kí iná ara rẹ̀ máa ṣẹ́jú, tí mo sì ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sókè kí ẹlòmíràn gbọ́. Ẹ fà á díẹ̀, ẹ dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ dúró, kí ẹ tó yọ ọ́ pátápátá.

Ohun kejì tí ọjọ́ yẹn kọ́ mi ni pé RAID kì í ṣe ẹ̀dà. Fáìlì tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa rẹ́, gbogbo dísíìkì ló máa pa á rẹ́ pọ̀. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn tí iná tàbí olè ibí kò lè dé.

Ìtọ́jú

Ẹni tó ń tọ́jú server ń lo etí rẹ̀. Fáànù tó ń pariwo ju ti àná lọ ń sọ pé ooru pọ̀ tàbí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti kú. Níwájú R740, àwọ̀ búlúù tó dúró ń sọ pé àlàáfíà ni. Àwọ̀ ọsàn tó ń ṣẹ́jú ń sọ pé ẹ wá wò mí. Ẹ ka àkọsílẹ̀ inú iDRAC kí ẹ tó pa iná yẹn. Bí RAM kan bá ń ṣe àṣìṣe tí ECC ń tún ṣe léraléra, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ fúnra yín yàn, kó tó yan ọjọ́ fún yín.

Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ ṣí i kí ẹ fẹ́ eruku kúrò. Ẹ pa á, ẹ gbé e síta yàrá, kí ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú kí afẹ́fẹ́ má baà yí i ju bó ṣe yẹ lọ. Fáànù R740 ṣeé pààrọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Dell kìlọ̀ pé kí ìdérí rẹ̀ má ṣí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, torí ìdérí yẹn ló ń darí afẹ́fẹ́. Ẹ dí gbogbo ihò tí wáyà gbà wọ yàrá. Ọmọńlé àti eku fẹ́ràn ibi tó ń gbóná lẹ́yìn ráàkì.

Bátìrì UPS sábà ń lò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ooru sì ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Bí aago server bá ń padà sẹ́yìn nígbàkígbà tí ẹ bá yọ iná rẹ̀, bátìrì kékeré CR2032 tó wà lórí bọ́ọ̀dù ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ta server tàbí dísíìkì, ẹ nu dátà rẹ̀ pátápátá. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti 2023 kan ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé náà, orúkọ àti owó àwọn ènìyàn kò yẹ kó bá dísíìkì lọ sọ́jà.

Ẹ ní ìwé kan, ìwé gidi tí ó ní páálí, tí okùn so mọ́ ráàkì. Ọjọ́, ohun tí ẹ ṣe, orúkọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ aṣínà kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé yìí. Inú àpótí tí ẹni méjì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló ń gbé. Mo ti rí ilé-iṣẹ́ tó sọ server tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nù nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ti rin ìrìn-àjò lọ sí Kánádà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ráàkì kan ní UPS 2U, server 2U mẹ́ta, switch 1U méjì. U mélòó ló ṣẹ́kù nínú 42U? Ya àwòrán bí o ṣe máa tò wọ́n, kí o sọ ìdí.

2. Ohun èlò ráàkì kan ń jẹ wáàtì 1,400. Ṣírò áńpíà rẹ̀ lórí fólítì 230 àti BTU tó ń tú jáde ní wákàtí kan.

3. Dísíìkì mẹ́fà, 4TB lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye ààyè wo ni RAID 5 àti RAID 6 máa fún ọ? Èwo ni o máa yàn fún ilé ìwòsàn, kí sì nìdí?

4. Lọ bá ẹni tó ń mójú tó server ilé-ìwé rẹ. Kí i dáadáa, kí o sì béèrè ìgbà tó gbìyànjú láti dá fáìlì kan padà láti inú ẹ̀dà kẹ́yìn. Bí kò bá rántí, bẹ̀ ẹ́ kí ẹ jọ gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn gan-an.